Ẹ Wo Èèrà Náà Dáadáa Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

  

Ọ̀rọ̀ èèrà ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, "Èèrà kẹ̀? Oúnjẹ adìyẹ ti wọ́n báyìí, owó ọkọ̀ ń lọ sókè, ṣé èèrà ló kù tí a ó máa sọ?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Gbogbo ẹni tó ń gbé ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko ló mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Àbàtà pọ̀, omi ò jìnnà sílẹ̀. Bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ fún ọjọ́ méjì tọ̀sán-tòru, omi á kún inú ihò èèrà. Èèrà náà ò ní jókòó kó kú sómi. Á kó ẹyin, á kó ọmọ, á wá ibi gbígbẹ lọ. Ibi gbígbẹ wo ló wà? Ilé wa ni, ṣọ́ọ̀bù wa ni, abẹ́ àpò gàrí àti àpò ṣúgà wa ni.

Kí la wá máa ń ṣe? A ó ti ọwọ́ bọ àpò, a ó ra oògùn apakòkòrò, a ó fọ́n ọn sí gbogbo ibi tí a ti rí wọn. Wọ́n á kú lójú wa, inú wa á dùn. Kò ní pẹ́, wọ́n á tún yọ, wọ́n tiẹ̀ lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ó tún ra òmíràn.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ẹ̀gbẹ́ sínkì nìkan ni èèrà wà nílé ìdáná mi nígbà tí mo kọ́kọ́ fọ́n oògùn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínkì, wọ́n wà lẹ́yìn firíìjì, wọ́n tún ń jáde láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Mo rò pé ẹni tó ta oògùn fún mi ló rẹ́ mi jẹ. Àṣé èmi ni mi ò mọ irú èèrà tí mò ń bá jà.

Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fi bọpo bọyọ̀: fífọ́n tí à ń fọ́n oògùn láìwo irú èèrà tó wọlé, òun ló ń sọ èèrà kan di mẹ́ta nílé wa. Òun náà ló ń kó májèlé bá oúnjẹ tí à ń tà fún ọmọ ẹlòmíì. Ẹni tí orí ń fọ́ àti ẹni tí inú ń run kì í jọ lo oògùn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni èèrà rí.

ÀWỌN WO NI WỌ́N Ń WỌLÉ WA?

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wò wọ́n dáadáa. Mẹ́rin ni ẹ ó sábà rí.

Èkíní ni èèrà pupa kékeré. Gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, ó kéré débi pé ojú lè fò ó dá lórí gàrí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti oyin, ìdí rẹ̀ ló dúdú díẹ̀. Kì í sáré. Ó máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àti lójú wáyà iná. Ó fẹ́ràn ṣúgà, ó fẹ́ràn ẹran, ó fẹ́ràn ọ̀rá. Ibi tó bá móoru tó sì fara sin ló ń gbé: inú ògiri, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdí firíìjì, àárín aṣọ tí a ká pamọ́. Èèrà Fáráò ni wọ́n ń pè é. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, ló fún un lórúkọ yẹn lọ́dún 1758, nítorí Fáráò ọba Íjíbítì. Kò sí nínú ìyọnu mẹ́wàá tí Bíbélì kà, àmọ́ ẹni tó bá ti bá a jà rí á ní ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Èkejì ni èèrà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìwo orí rẹ̀ náà gùn. Ìrìn rẹ̀ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n: á sáré sọ́tùn-ún, á sáré sósì, bí ẹni tí owó jábọ́ lápò rẹ̀ tó ń wá a. Ìta ni ilé rẹ̀ sábà máa ń wà, lábẹ́ òkúta, lábẹ́ ìkòkò òdòdó, lábẹ́ ìdọ̀tí tí a kó jọ. Oúnjẹ ló ń wá wọlé.

Ẹ̀kẹta ni èèrà olórí ńlá. Ẹ ó rí kéékèèké tó pọ̀, ẹ ó wá rí díẹ̀ láàárín wọn tí orí wọn tóbi ju ara wọn lọ. Ọ̀nà míì tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n ni pé ó máa ń wú iyẹ̀pẹ̀ kúnná jáde láti àárín táìsì àti lójú sìmẹ́ńtì tó ti là. Bí ẹ bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ tún wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, òun ni kí ẹ fura sí. Ó fẹ́ràn ọ̀rá, ẹ̀pà, edé àti kòkòrò tó ti kú.

Ẹ̀kẹrin ni ìjàlọ. Èyí ò nílò àlàyé fún ẹni tó ń sin adìyẹ. Wọn kì í gbé ilé ẹnikẹ́ni pẹ́, ìrìn-àjò ni wọ́n ń rìn. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá gba inú ilé adìyẹ kọjá, wọ́n lè pa ọmọ adìyẹ tó wà nínú páńpẹ́ tí kò ríbi sá sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ikán kì í ṣe èèrà o. Ìbàdí èèrà tín-ín-rín, ti ikán kì bọ̀ǹbọ̀. Bí èsúnsún bá ń fò jáde láti inú ògiri yín tàbí láti ara férémù ilẹ̀kùn lẹ́yìn òjò, ikán ti ń jẹ pákó ilé yín nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò kan ikán. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ikán.

KÍ LÓ DÉ TÍ FÍFỌ́N FI Ń SỌ WỌ́N DI PÚPỌ̀?

Èèrà pupa kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nínú ilé èèrà mìíràn, ìyá kan lè dá wà tó ń yé ẹyin. Ti èèrà pupa yìí kọ́. Ìyá tó wà nínú ilé rẹ̀ kan ṣoṣo lè pọ̀ gan-an. Àwọn tí ẹ ń rí lórí tábìlì, òṣìṣẹ́ tó jáde lọ wá oúnjẹ lásán ni, wọn ò tó nǹkan lára àwọn tó wà nílé. Bí ẹ bá fọ́n oògùn, òṣìṣẹ́ ló kú. Àwọn ìyá wà nínú ògiri, mìmì kan ò mì wọ́n.

Èyí tó tún burú jù ni pé bí wọ́n bá gbóòórùn oògùn tí ibùgbé wọn ò sì rọrùn mọ́, ńṣe ni wọ́n á pín. Àwọn kan á kó ẹyin àti ìyá díẹ̀, wọ́n á lọ dá ilé tuntun sílẹ̀ níbòmíràn. Ilé kan á di méjì, á di mẹ́ta. Òun ló ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ìdáná. Èmi fúnra mi ni mo fi owó ara mi lé wọn dé ẹ̀yìn firíìjì.

Ẹ má sì rò pé nítorí pé ó kéré ni kò léwu. Ní Yúróòpù, wọ́n ti bá a nínú ọsibítù, tó ń wọ inú báńdéèjì ojú egbò, tí kòkòrò àrùn sì wà lára rẹ̀. Inú ìdọ̀tí ló ti ń bọ̀ kó tó gun orí ẹran yín. Bí ọmọ ìkókó tàbí ẹni tó ní egbò bá wà nílé, ẹ má fojú kékeré wò ó.

MÁJÈLÉ TÍ À Ń FỌ́N SÓRÍ OÚNJẸ

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Mo ti rí ẹni tó ń fọ́n oògùn sí ìdí àpò ẹ̀wà, tó sì bu ẹ̀wà nínú àpò kan náà fún oníbàárà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò ní in lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní èèrà àti kòkòrò ló ń ba ọjà àwọn jẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Lọ́dún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró, wọ́n ní kó má wọ ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni dichlorvos, ohun kan náà tó wà nínú Sniper àti nínú ohun tí à ń pè ní DDVP. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà ò ju mìlígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 4.6 yẹn jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí wọ́n gbà. Nígbà tó di 2016, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún ìfòfindè náà. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀wà náà lè má ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, àmọ́ òun ló pàdánù ọjà.

Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré mìlílítà 100 dichlorvos nínú ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ti lítà kan ni kó kù, fún iṣẹ́ oko, lọ́wọ́ àwọn tó ní àṣẹ láti ta oògùn oko. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kà á mọ́ oògùn kòkòrò tó léwu gan-an. Oògùn oko ni. Kì í ṣe oògùn ilé ìdáná, kì í sì í ṣe oògùn ìdí àpò gàrí. Èyí tí wọ́n ń bù sínú ìgò tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó rẹ̀ létí títì, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá. Ẹ̀wà tí Yúróòpù dá padà, ṣé ọmọ tiwa ló yẹ kó jẹ ẹ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì gbé oògùn bẹ́ẹ̀ mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi tipátipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

KÍ LÓ WÁ YẸ KÍ A ṢE?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹ fi omi ṣúgà díẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀ àti ẹja díẹ̀ sórí bébà nírọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ń gbà kọjá. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ wo èyí tí wọ́n rún bò. Ohun tí ẹ ó fi ṣe ìdẹ nìyẹn.

Fún èèrà pupa kékeré, ìdẹ ni, kì í ṣe fífọ́n. Ẹ ra páúdà boric acid lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹ bu ṣíbí ìmutíì kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi ṣíbí ṣúgà 12 kún un, ẹ pò ó mọ́ omi inú ọ̀rá pure water kan tó jẹ́ 50cl, kí gbogbo rẹ̀ yọ́ pátápátá. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, kí ẹ gbé òwú náà sínú ọmọrí ike, ẹ fi sí ojú ọ̀nà wọn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rá ni wọ́n fẹ́, ẹ fi ìwọ̀nba páúdà díẹ̀ pò mọ́ ẹ̀pà lílọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá le jù, òṣìṣẹ́ á kú sójú ọ̀nà. Ohun tí a fẹ́ ni kó jẹ ẹ́, kó gbé e délé, kó fi bọ́ ìyá àti ọmọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé wọ́n ń pọ̀ sí i nídìí ìdẹ. Ẹ má pa wọ́n, ẹ má fọ́n nǹkan kan sí wọn, ẹ má fi ọṣẹ nu ibẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ìdẹ náà ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó tán lónìí ni wọ́n máa ń ta oògùn fún lóṣooṣù.

Boric acid náà kì í ṣe oúnjẹ o. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ike rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò dé, ẹ má fi ìdẹ sórí tábìlì oúnjẹ. Ẹ lè fi ìdẹ sínú agolo tí ẹ dá ihò kéékèèké sí lára, kí ọmọdé tàbí adìyẹ má lè dé ibẹ̀.

Fún èèrà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ìdẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un. Ìta ni kí ẹ lọ. Ẹ kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ gbé ìkòkò òdòdó àti búlọ́ọ̀kù tí ẹ tò sílẹ̀, ẹ wá ilé wọn. Omi gbígbóná tó ní ọṣẹ lè pa àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀. Fún èèrà olórí ńlá, ìdẹ ẹlẹ́pà ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Nígbà tí wọn ò bá jáde mọ́, kí ẹ wá fi sìmẹ́ńtì dí ojú tó là.

Fún ìjàlọ, ẹ ro àyíká ilé adìyẹ kó mọ́ lóló, ẹ da eérú gbígbẹ yí i ká, kí ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ní àkókò òjò. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, ẹ kó adìyẹ kúrò lójú ọ̀nà wọn. Wọ́n á kọjá. Bí ilé èèyàn ni wọ́n gbà kọjá, wọ́n á bá yín kó aáyán lọ pẹ̀lú.

DÍDÍ Ọ̀NÀ

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Èèrà ò tilẹ̀ nílò kí ògiri lanu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dí ojú ihò wáyà, ẹ dí ẹsẹ̀ fèrèsé. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó kan òrùlé, nítorí òun ni afárá wọn. Páìpù tó ń jò, ẹ tún un ṣe. Èèrà náà ń mu omi.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má gbé àpò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan ògiri. Ẹ gbé e lé pákó. Ṣúgà, mílíìkì, edé, ẹja gbígbẹ, inú ike tó ní ọmọrí tó dé pinpin ni kí ẹ fi wọ́n sí. Tábìlì tí ẹ ń pàtẹ lé, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo omi tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe. Kí ẹ máa da omi náà nù ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin síbẹ̀. Bí èèrà tó wọlé bá jẹ́ èyí tí ìdẹ ò mú, ẹ fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, torí òórùn tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn tó kù ń tẹ̀ lé.

Ẹ sì máa yẹ ẹrù wò kó tó wọlé. Èèrà pupa kékeré kì í fò láti ilé dé ilé. Ọkọ̀ ló ń wọ̀ bí èrò, inú pàálí, inú àpò, inú firíìjì tòkunbọ̀. Ọ̀dọ̀ wa níbí, pẹ̀lú ọjà Alábà àti Ìyànà Ìba, ẹrù ń wọlé, ẹrù ń jáde lójoojúmọ́. Ẹ tú pàálí síta, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ má tò ó jọ sínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó kù ni èyí tó le jù. Púpọ̀ nínú wa ló ń gbé ilé face-me-I-face-you, ògiri kan náà la jọ ń lò. Bí èmi bá ń fi ìdẹ sílẹ̀ tí ará ilé mi ń fọ́n oògùn, ìdẹ mi á di asán, èèrà á kàn máa sá láti yàrá rẹ̀ wá sí tèmi. Onílé ò ní ṣe é fún wa. Kí gbogbo ilé jókòó, kí wọ́n dá owó boric acid, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nínú ọjà náà, kí ìlà ṣọ́ọ̀bù kan ṣe é pọ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbà mí gbọ́ ṣáá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na owó míì sórí ìgò oògùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo èèrà náà. Ẹ bá wa sọ fún ìyá tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pẹ̀lú.

Ire o. Ọjà á tà, oko á so.